Búùtù Trade Fair: kí làwọn kọ́ńpìnnì ńlá ń kó sínú ilé tí wọ́n ń kọ́ síbi àfihàn àgbáyé?

Káfíńtà Múṣin:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ búùtù kíkàn ni mò ń ṣe, àgọ́ pákó táwọn kọ́ńpìnnì fi ń pàtẹ ọjà wọn, Múṣin ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, tó bá ti ń sún mọ́ oṣù kọkànlá báyìí Trade Fair tí wọ́n ń ṣe ní TBS (Tafawa Balewa Square, l'Ékòó) ló máa ń gba gbogbo ọwọ́ wa. Kọ́ńpìnnì kan tó ń ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló gbéṣẹ́ fún wa lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá wọn wá sọ pé òun ò fẹ́ kánópì, òun ò fẹ́ DJ, òun fẹ́ nǹkan táwọn èèyàn á délé tí wọ́n á ṣì máa ròyìn ẹ̀. Òótọ́ ló sì sọ. Ẹni tó bá ti wọ TBS lásìkò yẹn mọ bó ṣe máa ń rí: plywood tí wọ́n fi sátìn bò, bánà ńlá, sípíkà tibí ń pariwo mọ́ sípíkà tọ̀hún, àwọn ọmọge tó wọ T-shirt kọ́ńpìnnì ń pín nǹkan ọ̀fẹ́, àwọn ọmọdé á gba tiwọn tán wọ́n á tún pẹ̀yìn dà wá gba òmíì, kò sì sẹ́ni tó máa rántí orúkọ ẹni tó fún un. Mo wá gbọ́ pé lókè òkun níbi World Expo, ìyẹn àfihàn àgbáyé, odidi ilé làwọn kọ́ńpìnnì ń kọ́, èèyàn á sì tò pẹ́ kó tó ráyè wọlé. Kí ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀ gan-an? Èwo ló ṣeé ṣe fáwa tá a ní plywood àti jẹnẹrétọ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀, iṣẹ́ yìí jẹ mí lógún.

Bàbá Sùúrùlérè:
O káre, ọmọ mi. General Motors, kọ́ńpìnnì tó ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà, ni kó o kọ́kọ́ wò. Ní 1939, níbi World's Fair (àfihàn àgbáyé náà nìyẹn) tí wọ́n ṣe ní New York, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Norman Bel Geddes ló ṣe nǹkan kan fún wọn tí wọ́n pè ní Futurama. Tó o bá wọlé, orí àga lo máa jókòó sí, àga náà á máa rìn fúnra ẹ̀, á máa gbé ọ kọjá lókè ìlú kékeré tí wọ́n fọwọ́ ṣe, ilé, oko, odò, títì márosẹ̀ tí mọ́tò wẹ́wẹ́ ń sá lórí ẹ̀, wọ́n ní bí Amẹ́ríkà ṣe máa rí ní 1960 nìyẹn. Ìgbà tó o bá sọ̀ kalẹ̀ tán lo tó máa bá mọ́tò gidi tiwọn níta. Tó o bá ń lọ, wọ́n á fún ọ ní báàjì kékeré kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé o ti rí ọjọ́ ọ̀la. Ṣó o rí i, títì ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, ẹni tó bá sì ti fẹ́ràn títì yẹn, mọ́tò ló kù tó máa wá.

Nígbà tó di 1964, New York kan náà, àwọn kọ́ńpìnnì míì ní kí Walt Disney tó ń ṣe fíìmù wá bá wọn ṣe tiwọn. Ford ní káwọn èrò jókòó sínú mọ́tò Ford gidi tí ò lórùlé, wọ́n wá ń fà wọ́n kọjá láàárín àwọn ẹranko ńlá ayé àtijọ́. Pepsi dá owó ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń gba àárín ọmọláńgidi bí ọmọ oríṣiríṣi ìlú kọjá, wọ́n fi ṣe UNICEF lóore. Nígbà tí àfihàn parí wọ́n kó ọkọ̀ yẹn lọ sí Disneyland ní California, 1966 ló ṣí níbẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ṣùgbọ́n ti General Electric ló wù mí jù. Wọn ò to fìríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ sórí tábìlì pẹ̀lú iye owó ẹ̀. Ilé ìdílé kan ni wọ́n gbé kalẹ̀, ère tó ń mira tó ń sọ̀rọ̀ ló wà nínú ẹ̀, o máa rí ilé yẹn kí iná mànàmáná tó dé, o tún máa rí i lẹ́yìn tó dé, títí kan ayé ìgbà yẹn. Ọjà wọn wà níbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó ń lò ó lo ti rí i.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Bàbá ẹ ṣeun sà. Kí n fi tèmi kún un torí èmi máa ń bá wọn ṣètò èrò ní TBS. Ẹ wo nǹkan tí àga àti ọkọ̀ ojú omi yẹn ń ṣe, òun ló ń pinnu bí èèyàn ṣe máa pẹ́ tó nínú ilé, èrò ò pinnu ẹ̀ fúnra wọn. Ti General Electric tí Bàbá sọ yẹn, ibi ìjókòó ló ń yí po, orí ìtàgé dúró sójú kan, tí àwọn kan bá ti wo apá kan tán ìjókòó á gbé wọn lọ síbi tó kàn, àwọn míì á sì ti máa wọlé lẹ́yìn wọn. Tiwa ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà kan náà la fi ń wọlé tá a fi ń jáde, ẹni mẹ́rin á dúró máa ya fọ́tò, gbogbo èrò á há síbẹ̀, ìgbà míì wọ́n á ti plywood yẹn wó.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, a ò ní ẹ̀rọ àga tó ń rìn, àmọ́ kọ́tìnnì àti okùn lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan ṣíwájú wọn, tí wọ́n bá wo yàrá kìíní tán kó ṣí kọ́tìnnì sí èkejì, kó pa ti ẹ̀yìn dé, káwọn míì sì wọlé. Ilẹ̀kùn àbájáde gbọ́dọ̀ wà lódì kejì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pín nǹkan ọ̀fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé láéláé, ibi àbájáde ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹni tó bá gba tiẹ̀ ti wà níta nìyẹn.

Àǹtí Yábàá:
Gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ọjà làwọn èèyàn wá rà ní Trade Fair tiwa o. Ìyá tó gbé ghana-must-go wá láti Agége, páálí tó fẹ́ rà lówó pọ́ọ́kú ló wà lọ́kàn ẹ̀, kì í ṣe ère. Àfihàn àgbáyé sábà máa ń tó oṣù mẹ́fà, tiwa ò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, ọ̀gá kọ́ńpìnnì sì máa bi yín pé páálí mélòó lẹ tà. Torí náà ẹ ṣí ojú ìtajà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹni tó ń kánjú ra tiẹ̀ kó máa lọ láì wọ inú ilé rárá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni owó. Níbi World Expo tí wọ́n ṣe ní Osaka ní Japan ní 1970, Pepsi gbé ilé wọn lé ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán àti ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ E.A.T. lọ́wọ́. Ilé yẹn rẹwà kọjá sísọ, kùrukùru tí Fujiko Nakaya ṣe ló bo òrùlé ẹ̀, díńgí ńlá roboto ló wà nínú ẹ̀, èèyàn á gbójú sókè á rí ara ẹ̀ tó dorí kodò. Ìgbà tó dọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú lọ́rọ̀ bá dìjà, Pepsi gba ilé náà lọ́wọ́ wọn kí àfihàn tó parí. Káfíńtà, kó o tó kan ìṣó kankan, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ta ló ń ra dísù, ta ló ń sanwó àwọn tó máa mú èrò wọlé, ta ló máa tún kọ́tìnnì ṣe tó bá ya lọ́jọ́ kẹrin. Mo ti rí i tí wọ́n da gbogbo ẹ̀ lé oníṣẹ́ ọwọ́ lórí, inú mi ò dùn sí i rárá.

Káfíńtà Múṣin:
Ẹ ṣeun gan-an ni sà, ẹ ṣeun mà. Màá kọ ìwé yẹn kí n tó gba kọ́bọ̀ wọn. Nǹkan tó wá sí mi lọ́kàn rèé: yàrá mẹ́ta, bá a ṣe ń mú nǹkan mímu tutù láti ayé àwọn bàbá wa. Àkọ́kọ́, amù tá a rì sínú yanrìn, igbá lórí ẹ̀. Èkejì, pálọ̀ ayé àtijọ́ pẹ̀lú fìríìjì oníkẹrosíìnì. Ẹ̀kẹta, tòde òní, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ fojú rí ìgò kọ́ńpìnnì, wọ́n á sì mu ún tútù lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Ojú ìtajà Àǹtí á wà lápá ọ̀tún. Ṣé ó máa yé èrò báyìí, àbí kí n ya fọ́tò amù sára ògiri?

Bàbá Sùúrùlérè:
Má ya fọ́tò kankan. Gbé amù gidi síbẹ̀, èyí tí wọn ò kùn, bu omi sínú ẹ̀ láti alẹ́ kó lè máa làágùn. Omi tó ń jáde wẹ́wẹ́ lára ẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbẹ, òun ló ń mú un tutù, jẹ́ káwọn ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ti fìríìjì oníkẹrosíìnì, ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé wa nítòsí Adélàbú, kò ṣiṣẹ́ mọ́ àmọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣì ń pa dé dáadáa. Wá gbé e ní Sátidé, mú ẹni méjì dání torí ó wúwo, tí Trade Fair bá parí kó o dá a padà fún mi.