Mò ń lọ sí Ìlú Ọba fún oṣù 6: kí ni kí n ṣe sí síìmù Nàìjíríà mi?

Ìyá Tèmídayọ̀, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Manchester ti bímọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, mo sì ti gba físà oṣù 6 láti lọ bá a wẹ ọmọ. Ọ̀rọ̀ fóònù ló kù tí kò yé mi. Nọ́ńbà mi yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Orí rẹ̀ ni báńkì ń fi OTP, kóòdù ẹ̀ẹ̀kan tí a fi ń jẹ́rìí sí owó, ránṣẹ́ sí, orí rẹ̀ ni alẹ́ẹ̀tì owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé sí, òun náà ni mo fi ṣí WhatsApp.

Ọmọkùnrin mi ní kí n yọ síìmù náà sílẹ̀ fún òun, pé òun yóò máa ka OTP fún mi lórí fóònù. Ọmọbìnrin mi ní kí n má wulẹ̀ gbé síìmù kankan bọ̀, pé òun yóò ra ti Ìlú Ọba fún mi. Aládùúgbò mi kan tó lọ sí Cotonou ní tèmi ti bàjẹ́, pé bí mo bá ti kúrò ní Nàìjíríà báyìí, gbogbo owó ìpè tó wà lórí síìmù ni yóò gbẹ, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe tirẹ̀. Tecno onísíìmù méjì ni mò ń lò, mo sì ní kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan tí mo fẹ́ràn láti fi pe ènìyàn. Bàálù wa yóò gba Dubai. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Túndé Oní-fóònù, Ìkẹjà

Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, Mà. Olúwa yóò wò ó, yóò dá a sí. Ẹ mú síìmù yín dání. Tecno onísíìmù méjì tí ẹ ní yẹn ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ yìí: ti Nàìjíríà yóò wà lójú kan, ti Ìlú Ọba yóò wà lójú kejì.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kí wọ́n ṣí roaming fún yín, ìyẹn lílo síìmù Nàìjíríà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ òkèèrè, kí ẹ sì ra káàdì díẹ̀ sórí rẹ̀. Ilé ni kí ẹ ti ṣe é o, torí àwọn nọ́ńbà kúkúrú tí a ń tẹ̀ níbí, púpọ̀ nínú wọn kì í dáhùn lókè òkun. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ wọ inú settings, ẹ fi dátà sórí síìmù Ìlú Ọba, kí ẹ wá pa data roaming lórí ti Nàìjíríà. Ó dá mi lójú pé èyí ni aládùúgbò yín kò pa. Fóònù kì í sùn. Bí ẹ kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, WhatsApp ń fa fọ́tò wọlé, fídíò ń wọlé, àwọn app ń gba ẹ̀dà tuntun, owó ìpè yín ló sì ń jẹ, ní iye tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àlejò bá pè é.

Bí ẹ bá ti pa á, síìmù náà yóò jókòó jẹ́ẹ́, OTP yóò máa wọlé. Lórí ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, wọn kì í gba owó lórí àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé sí yín lókè òkun. Ìpè ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá gbé ìpè lórí síìmù Nàìjíríà níbẹ̀, ẹ̀yin náà yóò sanwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ló pè yín. Ẹ jẹ́ kó dún tán, kí ẹ wá pe onítọ̀hún lórí WhatsApp.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ti Cotonou yẹn. Àwọn ará wa tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá máa ń rò pé MTN tó wà lọ́dọ̀ wa ní Benin àti ti Nàìjíríà, ọ̀kan náà ni, torí orúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí síìmù Nàìjíríà bá ti gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì Benin, roaming ni. Ní agbègbè ibodè, fóònù tilẹ̀ lè gba ti ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ṣì wà lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ pa data roaming kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ẹ tún nọ́ńbà àwọn ẹbí yín tó wà ní Benin kọ o. Láti ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ti di oní-nọ́ńbà 10: 01 ló ń wọlé sáàárín +229 àti nọ́ńbà àtijọ́. Kì í ṣe ohun tí Màmá béèrè, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń pe nọ́ńbà àtijọ́ títí di òní, wọ́n sì ń rò pé a kò fẹ́ gbé ìpè wọn.

Àńtí Bísí, Peckham

Màmá, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ má ra síìmù ní pápákọ̀ òfurufú, ó wọ́n níbẹ̀ ju ìgboro lọ. "Pay as you go" ni kí ẹ béèrè. Ibí kò rí bíi ilé: wọn kò ní béèrè NIN, wọn kò ní ya yín ní fọ́tò, ẹ kò ní tẹ̀ka. Ẹ wọ Tesco tàbí Asda, ẹ mú un lórí àtẹ, ẹ sanwó, ó parí. giffgaff, ilé-iṣẹ́ síìmù kan níbí, tilẹ̀ máa ń fi tiwọn ránṣẹ́ sílé ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọmọ yín béèrè ọ̀kan báyìí, kó wà nílẹ̀ dè yín.

Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì O2 ni giffgaff ń ṣiṣẹ́, Lebara wà lórí Vodafone, Lycamobile wà lórí EE, SMARTY sì wà lórí Three. Kí ọmọ yín wo èyí tó ń mú dáadáa nínú ilé tirẹ̀, kó mú ìyẹn. Owó bíi pọ́n-ùn 10 tó fún dátà àti ìpè oṣù kan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. "Unlimited" tí wọ́n ń kọ sára ìpè, nọ́ńbà Ìlú Ọba ló wà fún. Bí ẹ bá tẹ +234, owó rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ó sì lè gbóná. Lebara àti Lycamobile máa ń ta ìpè òkè òkun mọ́ tiwọn, àmọ́ ẹ wá orúkọ Nàìjíríà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ síbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. WhatsApp ni èmi fi ń pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú.

Àwọn nọ́ńbà inú fóònù yín náà ń kọ́? Bí ẹ bá fi 080 pamọ́, síìmù ibí kò ní mọ ibi tó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín yọ òdo iwájú, kí wọ́n fi +234 síbẹ̀, kí ẹ tó wọ bàálù.

Dípọ̀, Salford

Mà, ẹ fi onítọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún àwọn ará ilé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ ni 2G àti 3G; EE, Vodafone àti Three ti pa 3G wọn ní 2024. Three kò ní 2G rí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà fóònù tí agbára rẹ̀ kò ju 2G lọ kò ní rí nǹkan kan gbà lórí Three tàbí SMARTY.

Ó tún kan Tecno yín díẹ̀. Kí ènìyàn tó lè fi ohùn pè lórí 4G, fóònù gbọ́dọ̀ ní VoLTE, ìyẹn ètò tó ń gbé ohùn gba orí 4G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì gbọ́dọ̀ gbà á láyè lórí irú fóònù náà. Àwọn fóònù tí wọn kì í tà níbí, wọ́n lè má gbà wọ́n láyè. Dátà yóò máa ṣiṣẹ́, WhatsApp yóò máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ tẹ 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí, lójijì ńkọ́, tí ẹ wà nílé pẹ̀lú ìkókó? Lórí EE, O2 àti Vodafone, ìpè ṣì lè bọ́ sórí 2G. Mo fara mọ́ giffgaff tàbí Lebara fún yín. Ẹ fi síìmù náà pe ọmọ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ rí i pé ohùn ń lọ.

Alhaja Oníṣòwò, Ìlọrin

Ní Dubai, ìpè WhatsApp kì í lọ. Ẹ má bẹ̀rù, kò sí ohun tó ṣe fóònù yín. Ẹ fi Wi-Fi pápákọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ìyẹn yóò lọ. Kí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà náà mọ̀ pé wọn yóò tẹ̀ka kí wọ́n tó gba síìmù níbẹ̀, pásípọ́ọ̀tù sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́.

Ìyá Tèmídayọ̀, Abẹ́òkúta

Olúwa yóò bù kún un yín. Ìbéèrè méjì. Bí mo bá ki síìmù tuntun sínú fóònù, ṣé WhatsApp mi kò ní yí padà? Ọmọkùnrin mi sì ṣì ń sọ pé kí n fi síìmù sílẹ̀ fún òun. Kì í ṣe ọmọ burúkú.

Túndé Oní-fóònù, Ìkẹjà

Kò ní yí, Mà. Nọ́ńbà tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ni WhatsApp mọ̀. Bó bá béèrè bóyá ẹ fẹ́ yí nọ́ńbà, ẹ ní rárá. Kí ẹ sá má yọ app náà kúrò, kí ẹ má sì pààrọ̀ fóònù lójú ọ̀nà, torí ìgbà yẹn ló máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí síìmù.

Bàbá Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ìyá wa, báńkì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ọmọ yín. N kò sọ pé ọmọ náà burú. OTP ni ìbuwọ́lùwé yín. Ẹni tí síìmù yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè sọ pé òun gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, kí báńkì fi kóòdù ránṣẹ́ sí i, kó sì wọlé. Ọmọ yín lè má ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí fóònù ọmọ yín nínú dáńfó ńkọ́? Ẹ ó wà ní Manchester, ẹ kò ní mọ̀.

Ohun kejì ni ti NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, oṣù 6 tí ẹ fẹ́ lò sì bọ́ sí ojú rẹ̀ gan-an. Ìlànà wọn ni pé nọ́ńbà tí kò bá ṣe ohun kan tó mú owó wọlé fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún oṣù 6, wọ́n lè pa á. Bó bá tún lo oṣù 6 mìíràn bẹ́ẹ̀, ó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíì. Ẹlòmíì yẹn ni alẹ́ẹ̀tì owó ìfẹ̀yìntì yín yóò wá máa dún sí lọ́wọ́. Gbígba OTP nìkan kò tó, torí kì í mú owó wọlé fún wọn. Ẹ máa fi síìmù náà kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan sílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Owó roaming ni wọn yóò gbà lórí rẹ̀, ẹ san án.

Ẹ fi PIN sára síìmù náà, torí wọ́n ń já fóònù gbà lọ́wọ́ ènìyàn níbẹ̀ náà. Ẹ wá páálí tí wọ́n fi kó síìmù wá, PUK, kóòdù tó ń ṣí síìmù tó bá tì, wà lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbìkan. Bí ẹ bá ṣi PIN tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun nìkan ni yóò ṣí i. Bí síìmù bá sọnù lọ́hùn-ún, ilé ni ẹ ó ti ṣe welcome back, ìyẹn gbígba síìmù mìíràn lórí nọ́ńbà yín, pẹ̀lú NIN àti ara yín. Nítorí náà, ẹ kọjá sí báńkì yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní token, ẹ̀rọ kékeré tó ń fúnni ní kóòdù, tàbí pé wọ́n lè máa fi OTP sórí ímeèlì pẹ̀lú.

Tóyìn, Houston

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni tèmi wà ní Ìbàdàn, kò sì tíì sí wàhálà. Bàbá, mo gbọ́ tiyín, mo sì ń ronú sí i. Ṣùgbọ́n, Màmá, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi iPhone Amẹ́ríkà ta yín lọ́rẹ, ẹ béèrè dáadáa. Láti iPhone 14 ti ọdún 2022, èyí tí wọ́n ń tà níbí kò ní ojú síìmù rárá, eSIM nìkan ló ń gbà, ìyẹn síìmù tí kò ní káàdì, inú fóònù ló wà. Àwọn mìíràn sì wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó tà wọ́n ti tì pa. Ti Ìlú Ọba sàn ní ti èyí: láti oṣù kejìlá ọdún 2021, wọ́n ti ka títa fóònù tí a tì pa léèwọ̀.

Ìyá Tèmídayọ̀, Abẹ́òkúta

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí ọmọkùnrin mi létí, ó ní òun gbà. Ọ̀la la ń lọ sí báńkì. Síìmù Ìlú Ọba ńkọ́, bí mo bá padà dé?

Àńtí Bísí, Peckham

Bó bá jẹ́ giffgaff, ẹ ní láti lò ó ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 6, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò pa á. Bí ẹ kò bá ní tètè padà wá, ẹ jẹ́ kó kú, òmíràn wà. Kí ẹ sá má fi nọ́ńbà náà forúkọ sílẹ̀ níbi tí owó yín wà. Bó bá jẹ́ káàdì báńkì ọmọ yín ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, kó lọ pa á lórí app wọn kí ẹ tó wọ bàálù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò máa yọ owó lọ.