Ṣé kí n gbé ajá mi lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ Bíńgò, ajá mi, ni mo gbé wá. Ó ti di ọjọ́ márùn-ún tí kò jẹun dáadáa. Láàárọ̀ yìí mo la ẹnu rẹ̀ wò: erìgì rẹ̀ tó máa ń pọ́n ti funfun bí ògì. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí àgbo. Eégbọn mẹ́tàdínlógún ni mo já kúrò létí rẹ̀ nìkan.

Ẹnì kan tó ń tọ́jú ẹran ládùúgbò wa gún un lábẹ́rẹ́ méjì láì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rárá, ó gbowó, ó lọ. Kò sí ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ eégbọn máa ń kó kòkòrò tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ sára ajá, láàbù ló sì yẹ kí wọ́n ti wá a. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi ń fà sí Yunifásítì.

Mo mọ̀ pé ibi ìkọ́ṣẹ́ ni, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á pé lé e lórí, tí dókítà á sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìyẹn ò dùn mí. Ojú púpọ̀ ló ń wo ẹran kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí, ṣé ọjọ́ kan náà ni èsì ẹ̀jẹ̀ ń jáde? Tí wọ́n bá ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ṣé èmi ni màá wá ajá tó máa fún un lẹ́jẹ̀? Èló ni kí n mú dání?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ní gbogbo òru tí ìyá mi fi wà lórí àìsàn, ẹnu ọ̀nà wa ni Bíńgò ń sùn.