Sákúrà, ìtànná àti àfihàn abẹ́ òrùlé: èsì sí àbá tó wà nílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o. Ẹni tó bi wá léèrè fẹ́ mọ orúkọ tí a lè fún àfihàn kan tí àwọn ará Japan máa ń ṣe nínú gbọ̀ngàn nígbà òtútù, níbi tí wọ́n ti ń to ẹ̀ka sákúrà, igi ilẹ̀ Japan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "cherry", tó ti tanná sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ọnà agbègbè wọn. Àbá tó kọ́kọ́ wọlé ni "òdòdó ṣẹ́rì inú ilé". N kò fara mọ́ ọn.

Ṣẹ́rì ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, àgbálùmọ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò rò, nítorí ohun tí àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì polówó àgbálùmọ̀ ń pè é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àgbálùmọ̀ àti igi Japan yìí kò bá ara wọn tan rárá. Èso kọ́ ni wọ́n sì ń gbin sákúrà fún. Somei Yoshino, irú tó gbilẹ̀ jù nínú ọgbà ìgbafẹ́ wọn, ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń lọ́ sára gbòǹgbò igi mìíràn kí ó lè pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé ìran igi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó wà ládùúgbò kan fi máa ń tanná pa pọ̀. Èso tí wọ́n ń jẹ, sakuranbo ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a yá sákúrà lò bó ṣe wà.

Ní ti òdòdó, a mọ̀ pé aṣọ pupa ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ìtumọ̀ yẹn ṣì wà nínú Bíbélì wa nínú ìwé Aísáyà. Sákúrà kò pupa tó bẹ́ẹ̀. Funfun tó ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi jù ni pé ìgbà tí igi ń tanná gan-an ni wọ́n ń lọ wò, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti rẹ̀ dànù. Láti ọdún 812, nígbà tí Ọba Saga ṣe àsè wíwo òdòdó ní Kyoto, ni ìtàn ti ń sọ nípa àṣà tí wọ́n ń pè ní hanami. "Wíwo ìtànná" ni èmi yóò pè é.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "àfipátan" fún ẹ̀ka tí wọ́n mú kí ó tanná ṣáájú àsìkò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí àwọn àgbẹ̀ ẹkùn Yamagata ṣe ń ṣe Keiō-zakura, irú sákúrà kan tí wọ́n ń tà láti oṣù Kejìlá. Igi náà ti rúdí láti ìgbà ooru tó kọjá, ó sì ń sùn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ òtútù tó kí wọ́n tó gé ẹ̀ka rẹ̀, kí wọ́n rì í sínú omi gbígbóná, kí wọ́n sì kó o sínú ilé ọ̀gbìn tí wọ́n ń mú gbóná. Bí òtútù kò bá tó o, kò ní tanná dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ń dúró de igi náà, kò sí ìfipáṣe níbẹ̀. "Ìtànná àtètètan" ló bá a mu.

"Inú ilé" yóò jẹ́ kí ènìyàn rò ó pé òdòdó inú ìkòkò ni. Mo fọwọ́ sí "àfihàn ìtànná sákúrà lábẹ́ òrùlé". Ẹkùn sì sàn ju ìpínlẹ̀ lọ fún àwọn agbègbè 47 tí Japan pín sí, nítorí ìjọba àpapọ̀ bíi ti Nàìjíríà kọ́ ni tiwọn.

Ó ku kabazaiku, iṣẹ́ ọnà ìlú Kakunodate ní ẹkùn Akita, tí àwọn sàmúráì (jagunjagun Japan ayé àtijọ́) onípò kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá owó kún owó ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọn á bó èèpo sákúrà inú igbó, wọn á fá a títí yóò fi fẹ́lẹ́, tí àwọ̀ pupa rẹ̀ yóò máa dán, wọn á wá fi gọ́ọ̀mù àti irin gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí ewé tíì. Orúkọ igi mìíràn ni kaba tó wà nínú orúkọ iṣẹ́ náà, nítorí náà kí a má ṣe túmọ̀ orúkọ yẹn lẹ́yọ lẹ́yọ. "Iṣẹ́ ọnà èèpo sákúrà" ni mo dábàá. Ẹni tó bá ní èyí tó ṣe ṣókí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó jọ̀ọ́ mú un wá.