Riléè iná iwájú ń dún ta-ta-ta, stíárìn jíìpù mi sì ń le: ẹ gbà mí

Jíìpù Gíga:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, àyà mi sì ń já. Mo ní jíìpù kan tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Mo gbé e sókè kí táyà ńlá lè wọ abẹ́ rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n tún wáyà iná iwájú rẹ̀ ṣe. Riléè tuntun (súwíìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tó sì ń pa), wáyà tuntun, súkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ní báyìí, bí mo bá tan iná, riléè á máa dún ta-ta-ta-ta, iná á mọ́lẹ̀, á rẹ̀, á tún mọ́lẹ̀. Bí mo bá wá yí stíárìn sápá òsì, iná á fẹ́ kú pátápátá.

Ẹni tó ṣe é ní gílóòbù tí mo rà ni kò dáa. Mo pààrọ̀ gílóòbù. Ó ní riléè ni. Mo pààrọ̀ riléè. Ó wá ní kí n lọ ra bátìrì! Owó iṣẹ́ rẹ̀ ti pé lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ìpè mi mọ́ báyìí. Ó fi epo ọwọ́ rẹ̀ ba aṣọ àga iwájú jẹ́. Bọ́ńpà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ọ̀dà dúdú tí kì í dán, ó fi spánà ha á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sọ fún mi. Ìgbà tí mo ń fọ ọkọ̀ ni mo tó rí i.

Stíárìn náà ò gbé jẹ́ẹ́. Ó ń le, á rọ̀, á tún le. Àwọn kan ní epo rẹ̀ ló dín, mo wò ó, epo pé. Ìyàwó mi ti ní òun ò ní wọ ọkọ̀ yẹn mọ́, ìyẹn sì dùn mí ju owó lọ. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Rewáyà Àgbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ti ròyìn ọ̀dà bọ́ńpà, ẹ ò ròyìn wáyà. Riléè ní nọ́ńbà lábẹ́. Ibo ni 30 ti ń gba iná? Ibo ni 87 ń lọ? Èwo nínú 85 àti 86 ló ń gba iná látọ̀dọ̀ súwíìṣì, ibo ni ẹ sì so èkejì mọ́? Fíùsì áńpù mélòó ni, báwo ló ṣe jìnnà sí bátìrì? Gílóòbù wáàtì mélòó? Bí a ò bá mọ ìwọ̀nyí, a ó kàn máa méfò ni.

Ìrìn Ẹrẹ̀:
Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí tèmi. Iná ọkọ̀ mi kì í ríran kọjá imú mi nígbà kan. Mo yọ gílóòbù kúrò, mo fi LED sí i, ọ̀rọ̀ parí. LED ò fi bẹ́ẹ̀ fa iná, ẹ ò tilẹ̀ nílò riléè mọ́. Mo ti gba inú odò kọjá pẹ̀lú rẹ̀, mo ti gba orí àpáta. Ẹ ra LED.

Ojú Títì:
Ẹ má ra nǹkan kan. Ojú iná tí wọ́n ṣe fún gílóòbù halogen, bí ẹ bá ki LED bọ inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, á máa gún ojú àwọn tó ń bọ̀. Ọkọ̀ tí a ti gbé sókè wá burú jù, torí iná rẹ̀ ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọkọ̀ sókè gbọ́dọ̀ tún ojú iná rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀. Ìrìn Ẹrẹ̀, ìwọ ríran, àwa tí à ń pàdé rẹ lójú ọ̀nà ńkọ́?

Ìrìn Ẹrẹ̀:
Kò sẹ́ni tó bá mi wí rí.

Jíìpù Gíga:
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi là ń sọ. Rewáyà Àgbà, gílóòbù H4 ni, 60/55 wáàtì, halogen gan-an. 30 ti ń bọ̀ tààrà láti orí pósítíìfù bátìrì, fíùsì áńpù 20 wà nítòsí bátìrì. Wáyà tó nípọn ni, 4 mm². 87 lọ sí gílóòbù. 86 ló ń gba iná súwíìṣì. 85 àti wáyà dúdú gílóòbù, ara bọ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná la de gbogbo wọn mọ́. Mo ha ọ̀dà kúrò kí n tó de bóòtù. Èmi ni mo ra wáyà yẹn, mi ò ra èyí tí kò dáa.

Súwíìṣì:
Ẹ ṣọ́ra o. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni súwíìṣì ti ń fún iná ní pósítíìfù. Nínú ọ̀pọ̀ Land Cruiser àtijọ́, pósítíìfù wà ní gílóòbù nígbà gbogbo, négétíìfù ni súwíìṣì ń so. Ẹni tí kò bá mọ̀ á de riléè sódì.

Jíìpù Gíga:
Mo ti fi gílóòbù àyẹ̀wò wò ó. Súwíìṣì tèmi ń fúnni ní pósítíìfù.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ stíárìn ló jẹ mí lógún ju iná lọ. Ìbéèrè méjì péré. Ìkíní, irú gbígbé sókè wo ni? Ṣé sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì lẹ pààrọ̀ ni, tàbí ẹ ki nǹkan sáàárín bọ́dì àti ṣasí (férémù irin tó gbé bọ́dì)? Ìkejì, bí ẹ bá yí stíárìn ní òbìírí kan, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń le?

Ẹ̀ńjìnnì Dísù:
Kí la ń da ara wa láàmú fún? Bí ẹ bá yí stíárìn nígbà tí ọkọ̀ dúró, pọ́ńpù stíárìn á wúwo lórí ẹ̀ńjìnnì, ẹ̀ńjìnnì á lọ sílẹ̀, alternator (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná ọkọ̀) ò ní yí tó, iná á rẹ̀. Ẹ gbé ìdúró ẹ̀ńjìnnì (bó ṣe ń yí nígbà tí ẹ ò tẹ iná mọ́ ọn) sókè díẹ̀. Ó tán.

Rewáyà Àgbà:
Ẹ̀ńjìnnì Dísù, bátìrì tó dáa ò ní jẹ́ kí iná fẹ́ kú torí pé pọ́ńpù wúwo. Á kàn rẹ̀ díẹ̀ ni. Riléè ò sì ní máa dún. Bó bá sì jẹ́ pọ́ńpù ni, kí ló dé tó fi jẹ́ apá òsì nìkan?

Ẹ̀ńjìnnì Dísù:
Ohun tí mo ti rí ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ ìwé kọ́.

Ìyá Awakọ̀:
Jíìpù Gíga, ọmọ mi, ṣé o ṣì ń gbé ọkọ̀ yìí jáde lálẹ́? Iná tó ń fẹ́ kú àti stíárìn tó ń le, nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo! Ìyàwó rẹ mọ ohun tó ń sọ. Gbé e kalẹ̀.

Jíìpù Gíga:
Màmá, ẹ ṣeun. Ọ̀sán nìkan ni mo fi ń wà á, ọkọ̀ yẹn ni mo sì fi ń lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀ńjìnnì Dísù, mo gbé ìdúró ẹ̀ńjìnnì sókè bí ẹ ti wí. Riléè ṣì ń dún.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Jíìpù Gíga:
Àbúrò, má bínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń le nínú òbìírí kan. Mo fi ọwọ́ mi wò ó lónìí: ó le, ó rọ̀, ó le, ó rọ̀.

Bọ́dì la gbé sókè, íńṣì 3. Ó dáa ju sípíríǹgì lọ fún ohun tí mo fẹ́, kò da ìrìn ọkọ̀ rú. Ọ̀pá stíárìn wá kúrú, kò dé orí gíá bọ́ọ̀sì stíárìn mọ́, àpótí irin tó ń yí táyà. Ajórin kan gé e láàárín, ó ki páìpù sí i, ó jó o pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo fi hámà lù ú, kò mì.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ha! Ohun tó yẹ kó wà lórí ìlà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Lórí ọ̀pá yẹn, cross joint méjì ló wà, oríkèé irin tó ń jẹ́ kí ọ̀pá lè tẹ̀ kó sì máa yí. Cross joint kan ṣoṣo tó bá tẹ̀ kì í yí déédéé: lẹ́ẹ̀mejì nínú òbìírí kan á yára, lẹ́ẹ̀mejì á falẹ̀. Èkejì ló ń tún àṣìṣe ti àkọ́kọ́ ṣe, bí ẹnu fọ́ọ̀kì méjèèjì (irin ẹlẹ́nu méjì tó di jọ́ìntì mú) tó wà lórí ọ̀pá àárín bá dọ́gba, tí igun wọn sì fẹ́ẹ̀ bára mu. Nígbà tí ajórin gé ọ̀pá, ó yí apá kan díẹ̀ kó tó jó o. Ìdí tí stíárìn fi ń le lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Gbígbé tí ẹ gbé bọ́dì sókè tún ti mú kí igun jọ́ìntì tẹ̀ sí i. Jọ́ìntì stíárìn lásán kì í fẹ́ kọjá bí dígíírì 30 sí 35.

Èyí tó burú jù: ọ̀pá yẹn, wọ́n ṣe é kí apá kan lè wọ inú èkejì. Bọ́dì jókòó lórí rọ́bà, ó ń mì lórí ṣasí bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ọ̀pá sì gbọ́dọ̀ lè gùn kó tún kúrú. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ibẹ̀ náà ló ń sún kí stíárìn má bàa gún àyà awakọ̀. Láti 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti béèrè pé stíárìn ọkọ̀ kéékèèké ò gbọdọ̀ wọlé bá awakọ̀ kọjá ìwọ̀n nígbà ìjàm̀bá. Páìpù tí a jó mọ́ ọn ti pa gbogbo ìyẹn. Hámà ò lè sọ fún yín bóyá ojú jíjó ti ń là díẹ̀díẹ̀ láti inú. Ọjọ́ tó bá já, stíárìn á máa yí lọ́wọ́ yín lásán, táyà ò ní mọ̀.

Òógùn Ojú:
Ẹ má dẹ́rù bà á. Ọ̀pá tèmi náà, jíjó ni wọ́n jó o, ó ti pẹ́ gan-an, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ìyá Awakọ̀:
Òógùn Ojú, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn gba ọmọ ẹlòmíràn nímọ̀ràn.

Rewáyà Àgbà:
Ẹ dúró, ẹ dúró. Bọ́dì gòkè íńṣì 3? Jíìpù Gíga, wáyà earth kan, èyí tó ń dá iná padà sí négétíìfù, máa ń wà láàárín bọ́dì àti ẹ̀ńjìnnì tàbí ṣasí. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n hun ni, kì í sì í gùn. Ibo ni tiyín wà?

Jíìpù Gíga:
Wáyà pẹlẹbẹ yẹn? Kò dé ibi tí bóòtù rẹ̀ wà mọ́ lẹ́yìn tí a gbé bọ́dì, a bá yọ ọ́. Ó wà nínú àpótí irinṣẹ́. Wọ́n ní ariwo rédíò ló wà fún, èmi kì í sì í gbọ́ rédíò.

Rewáyà Àgbà:
Òun gan-an nìyẹn!

Iná tó jáde láti pósítíìfù gbọ́dọ̀ padà sí négétíìfù. Négétíìfù bátìrì yín lọ sára ẹ̀ńjìnnì. Ara bọ́dì lẹ de iná mọ́. Bọ́dì sì jókòó lórí rọ́bà, rọ́bà ò gba iná kọjá. Láti ara bọ́dì dé ara ẹ̀ńjìnnì, ọ̀nà tó gbòòrò ti dí. Omi tí wọ́n dí ojú rẹ̀ kì í jókòó, ó ń wá ihò míì gbà ni. Iná yín ń gba inú ọ̀pá stíárìn padà! Láti bọ́dì, sínú ọ̀pá, sínú gíá bọ́ọ̀sì, sí ṣasí, kó tó padà dé ẹ̀ńjìnnì. Bí ẹ bá yí stíárìn, ojú ibi tí irin ti kan irin nínú jọ́ìntì á yí padà, iná á rẹ̀. Apá òsì ni ojú náà burú sí.

Gílóòbù 60 wáàtì méjì ń fa áńpù 10 ní fóòtì 12. Wáyà kékeré tó wà nínú riléè fúnra rẹ̀ ò fà ju bí 0.2 lọ. Bí riléè bá dì mú, áńpù 10 yẹn á fẹ́ padà gba ọ̀nà tóóró, fóòtì á ṣubú, riléè ò ní lágbára mọ́, á jáwọ́. Bó bá jáwọ́, fóòtì á dìde, á tún dì mú. Ta-ta-ta tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Gílóòbù ò ṣẹ̀, riléè ò ṣẹ̀, bátìrì ò ṣẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ tan iná. Ẹ fi ẹnu mítà dúdú sí négétíìfù bátìrì, ẹ fi pupa kan irin bọ́dì tí kò lọ́dà. Bó bá kọjá bí 0.2 fóòtì, earth yín ò dáa. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà tí a fi ń jọ́ọ̀ǹpù ọkọ̀ so négétíìfù mọ́ bọ́dì, kí ẹ wò ó bóyá riléè á dákẹ́.

Ẹ̀ńjìnnì Dísù:
Bó bá jẹ́ earth ni, èmi náà á gbà.

Jíìpù Gíga:
Mo ti dé láti ìdí ọkọ̀. 2.6 fóòtì ni mítà kà! Mo so wáyà jọ́ọ̀ǹpù, riléè dákẹ́ wẹ́ẹ́, iná mọ́lẹ̀ bí mi ò ṣe rí i rí. Mo yí stíárìn sọ́tùn-ún sósì, kò mì. Rewáyà Àgbà, Ọlọ́run á bù kún yín.

Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mo fẹ́ gbé e jáde lọ́la.

Rewáyà Àgbà:
Àmín o. Iye tí ẹ pàdánù yẹn kì í ṣe kékeré. Bí fóòtì tó dé gílóòbù halogen bá fi ìdá 10 nínú 100 dín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fi bí ìdá 30 dín, ẹ wá ṣírò tiyín. Ẹ wá wáyà tuntun tó gùn, 16 mm² ó kéré tán, ẹ de é láti bọ́dì sí ẹ̀ńjìnnì, kí òmíràn lọ sí ṣasí. Kó rọ̀ díẹ̀, ẹ má fà á le.

Àmọ́ ti ọ̀pá ò tíì parí o. Iná tó ti ń gba inú jọ́ìntì yẹn kọjá lè ti jó ojú rẹ̀ nínú.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé e lọ ibì kankan lọ́la. Ọ̀pá stíárìn tí wọ́n ṣe fún bọ́dì tí a gbé sókè wà, èyí tí apá kan ń wọ inú èkejì. Ẹ ka eyín orí gíá bọ́ọ̀sì yín, àwọn ìlà tí jọ́ìntì ń dì mú, kí ẹ tó rà á. Kí fọ́ọ̀kì méjèèjì dọ́gba nígbà tí ẹ bá ń tò ó, kí bóòtù inú jọ́ìntì sì wọ ojú tí wọ́n gé fún un. Bó bá gba jọ́ìntì mẹ́ta, ẹ gbọ́dọ̀ fi béárìn gbé ọ̀pá dúró láàárín. Ẹ ti stíárìn pa ní ọ̀kánkán kó má yí nígbà tí ọ̀pá bá kúrò lára rẹ̀. Ṣé ó ní airbag, àpò tó ń wú síwájú awakọ̀ nígbà ìjàm̀bá?

Jíìpù Gíga:
Ó ní. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ̀pá, àwọn ọmọ ń yí stíárìn ṣeré. Láti ìgbà náà ni iná airbag ti ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo fi téèpù dúdú bò ó, torí ó ń dí mi lójú.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Clock spring ti já nìyẹn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ká sẹ́yìn stíárìn ni, òun ló ń gbé iná lọ bá airbag. Ìwọ̀nba òbìírí ló lè gbà sápá kan. Bó bá ti já, airbag awakọ̀ ò ní jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀, ọ̀pá tí kò lè sún sì wà níwájú àyà yín.

Ẹ ṣí téèpù yẹn. Ẹ má fi mítà tàbí gílóòbù àyẹ̀wò kan súkẹ́ẹ̀tì yẹ́lò kankan lábẹ́ stíárìn, ti airbag ni. Ẹ yọ négétíìfù bátìrì, ẹ wo inú ìwé ọkọ̀ yín fún iye ìṣẹ́jú tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ airbag tó fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ọkọ̀ mìíràn fà á lọ bá a, ẹ má wà á.

Jíìpù Gíga:
Wọ́n á gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù ni, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fà á. Mo ti yọ négétíìfù. Àbúrò, eyín orí gíá bọ́ọ̀sì yẹn, ṣé orí rẹ̀ ni n ó ti kà á, tàbí inú jọ́ìntì?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Orí rẹ̀ ni. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ kí ẹ tó kà, ẹ fi ẹfun sàmì síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni.