Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá wọ̀nyí ò dúró lórí mi

Aránṣọ Ìjerò: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń kọ́ ní Ìjerò-Èkìtì, mo sì fẹ́ ṣe JAMB. Use of English ni wàhálà mi. Mo ra ìwé kan tí wọ́n to ọ̀rọ̀ ńláńlá àti ìtumọ̀ wọn sí. Mo ń há a sórí lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, gbogbo rẹ̀ á ti fò lọ. Abate, abhor, abstruse... mi ò tíì kúrò ní A! Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ìwọ tiẹ̀ dé abstruse! Mo jókòó síbí, mò ń retí èsì.

Tíṣà Ìkéré: Ọmọ mi, gbé ìwé yẹn sílẹ̀ ná. Ìbéèrè 60 ni Use of English ní, 40 ni iṣẹ́ yòókù ní lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà o ò lè fojú di í. Inú gbólóhùn ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ sí, wọ́n á ní kí o mú èyí tó sún mọ́ ọn jù, tàbí èyí tó takò ó. Èyí tó takò ó yìí ló ń gbé àwọn ọmọ tí mo kọ́ ṣubú: wọ́n á rí èyí tó jọ ọ́, ọwọ́ á yá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́.

Wo frugal àti stingy. Ìwé rẹ á ní àwọn méjèèjì kì í náwó. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ìyìn ni frugal, èébú ni stingy. Ìyá tó ń ṣọ́wó ná kí ọmọ lè kàwé, frugal ni. Ahun tí kì í fún àlejò lómi, stingy ni. O ò lè rí ìyẹn àfi nínú gbólóhùn.

Kó wọn ní ìdílé-ìdílé pẹ̀lú. Loqui ni ọ̀rọ̀ sísọ ní èdè Látìn. Òun ló bí loquacious, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Eloquent, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àti soliloquy, ọ̀rọ̀ tí òṣèré ń dá sọ lórí ìtàgé. Lẹ́yìn náà, fi wọ́n ṣe gbólóhùn nípa ṣọ́ọ̀bù yín. Àbí ẹ ò ní oníbàárà tó jẹ́ loquacious?

Nọ́ọ̀sì Adó: Ẹ kú ọpọlọ, sà. Ẹ bá mi fi chronic kún un. Aláìsàn á ní ẹ̀fọ́rí òun chronic, pé ó ń dun òun gan-an. Èyí tó ti pẹ́ lára là ń pè bẹ́ẹ̀. Acute lèyí tó dé lójijì. Khronos, àkókò lédè Gíríìkì, ló wà nídìí rẹ̀, bíi ti chronology.

Aránṣọ Ìjerò: Ẹ ṣé gan-an, sà, ẹ ṣé, mà. Ẹ wo tèmi: "My madam is frugal with thread but her husband is stingy with food." Ṣé ó tọ́?

Tíṣà Ìkéré: Ó tọ́, "with" ló yẹ kó tẹ̀lé méjèèjì. Má ṣáà jẹ́ kí ọ̀gá rẹ rí fóònù rẹ.