Iná ara irin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń gbé wa, bí a tilẹ̀ pa súwíìṣì

Ìyàwó Òkè-Àdó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Inú ló ń bí mi, n kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún nínú ilé yìí.

Ilé bàbá ọkọ mi la ń gbé ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ibẹ̀ ni gílóòbù kan ṣoṣo ti ń rọ̀ láti sílíìnì pálọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé. Ìyá ọkọ mi máa pé ọgọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀, àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, mo wá ní kí n tún ibẹ̀ ṣe kí ojú má tì wá. Owó àjọ mi ni o, kò sí kọ́bọ̀ ọkọ mi níbẹ̀. Mo ra ṣándílíà aláwọ̀ wúrà kan fún pálọ̀, irin gidi, ọkùnrin méjì ló gbé e. Mo tún ra iná ara ògiri mẹ́rin fún kọ́rídọ̀, irin ni àwọn náà. Ó ti tó oṣù méjì tí a ti gbé wọn sókè, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń kí mi.

Ó wá di Sátidé tó kọjá. Màámi ń lọ sí balùwẹ̀ láàárọ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀, wọ́n fọwọ́ di iná ara ògiri mú kí wọ́n má baà yọ̀. Iná gbé wọn. Wọ́n lọgun, wọ́n sì ṣubú lulẹ̀. Ọlọ́run ló ní ká má ṣọ̀fọ̀. Kí ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó àbúrò ọkọ mi sọ! Ó ní láti ìgbà tí mo ti ń kó oríṣiríṣi wọlé nilé ò ti rójú, pé bóyá n kò fẹ́ kí Màámi rí ọjọ́ ìbí wọn. Èmi tí mò ń fọwọ́ ara mi fọ aṣọ wọn!

Súwíìṣì wà ní pípa nígbà náà o. Iná ò tàn rárá. Èmi fúnra mi lọ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹni tó tà á fún mi kò gbé ìpè mi mọ́. Ṣé ayédèrú ló tà fún mi ni? Kí ni kí n ṣe fún un?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ti gbé Màámi lọ sí ọsibítù? Ẹ má wò ó pé wọ́n ti dìde tí wọ́n sì ń jẹun. Iná lè da lílù ọkàn àgbàlagbà rú. Ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á lè dúró.

Bàbá Tóyìn:
Ọjà òde òní! Ayọọnù tí mo rà lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí lọ́wọ́. Mo gbé e padà, ọmọkùnrin náà ní ọwọ́ mi ló tutù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ayọọnù náà lọ aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ kó àwọn ará àdúgbò dání, ẹ lọ bá a ní ìsọ̀.

Oníṣẹ́ Iná Agége:
Ẹ fi ẹni tó tà á sílẹ̀ ná. Ìdáhùn mẹ́rin ni mo fẹ́. Ọdún wo ni wọ́n kọ́ ilé náà? Wáyà mélòó ló jáde láti sílíìnì, méjì tàbí mẹ́ta? Ta ló so ó? Nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án tí kò gbé yín, ṣé ẹ wọ bàtà?

Ìyàwó Òkè-Àdó:
Mo wọ sílípáàsì, kí ló wá kan sílípáàsì? Ilé náà lágbára ju àwọn ilé ìsinsìnyí lọ. 1957 ni bàbá ọkọ mi kọ́ ọ, tẹlifíṣọ̀n ò tíì dé Ìbàdàn. Wáyà rẹ̀ ò sì yọ wá lẹ́nu rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ra fíúsì láti ìgbà tí mo ti débẹ̀.

@Bàbá Tóyìn, mo ti lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó ti kó kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham:
Àǹtí, ọ̀rọ̀ sílípáàsì yẹn ni kókó. Rọ́bà ló dá iná dúró lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ó jọ pé Màámi wà lẹ́sẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tútù.

Irú èyí ṣẹlẹ̀ sí wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé tí a rà ti pẹ́, ìyàwó mi sì ra iná idẹ mẹ́ta kan, ó fẹ́ràn nǹkan tó ń dán. Oníṣẹ́ iná gun àkàbà, ó tú ti òkè wò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò ní gbé e. Ṣé ẹ rí i, kó tó di 1966, òfin wáyà wọn níbí kò sọ ọ́ di dandan pé kí iná òkè ní earth, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ilé wa sì jẹ́ ti ìgbà yẹn. Ó ní tí a kò bá fẹ́ fa wáyà tuntun, ká ra èyí tí wọ́n ya igun mẹ́rin kékeré sínú igun mẹ́rin ńlá sí lára. Ìyẹn ò nílò earth. Ìyàwó mi bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iná idẹ náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àgbà Oníná Ògbómọ̀ṣọ́:
Kí lẹ ń pariwo lé lórí? Kí wọ́n gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n ri ọ̀pá earth mọ́lẹ̀, kí wọ́n da iyọ̀ àti èédú sí i, kí wọ́n fa wáyà kan láti ibẹ̀ lọ síbi irin náà. Ó parí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Oníṣẹ́ Iná Agége:
Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò parí. Ká ní ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn dára, kí ọ̀pá yẹn fún wọn ní 50 ohm, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná tó. Ẹ fi 50 pín 230 volt, 4.6 amp lẹ máa rí. Fíúsì 5 amp pàápàá ò ní já. Irin náà á wà níbẹ̀ pẹ̀lú iná lára, á máa retí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Àfi kí breaker tó ń ṣọ́ iná tó ń jò wà níwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 30mA sí lára.

Àgbà Oníná Ògbómọ̀ṣọ́:
Ìwé lẹ kà. Èmi ò kàwé, kò sì sí ẹni tó kú nílé tí mo ṣe.

Oníṣẹ́ Iná Agége:
Bàbá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ibí di pápá ìjà. Ìyàwó, ẹ ò tíì dá mi lóhùn nípa ọsibítù. Ẹ ò sì sọ ẹni tó so iná náà.

Ìyàwó Òkè-Àdó:
A gbé Màámi lọ lánàá, wọ́n ní ọkàn wọn ń lù dáadáa, ibi tí wọ́n fi lulẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Ẹ ṣé.

Ẹni tó so ó mọṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe òun lẹ máa dá lẹ́bi. Iná ìjọba ló ní wàhálà. Ẹ wò ó, tí a bá wà lórí jẹnẹrétọ̀, kì í gbé ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ mi gun àga nu ṣándílíà yẹn lálẹ́ àná pẹ̀lú àkísà tútù, lórí jẹnẹrétọ̀, kò sí nǹkan. Bí iná ìjọba bá dé báyìí ni mo máa ń gbọ́ tí ọmọ máa ń ké ní kọ́rídọ̀.

Oníṣẹ́ Iná Agége:
Ọmọ ń ké? Ó tún ti gbé ọmọ? Ẹ dákẹ́, ẹ lọ pa changeover, súwíìṣì tó ń yan iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ tó ka gbólóhùn tó kàn. Ẹ gbé e sí àárín. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi àkísà tútù kan nǹkan yẹn mọ́, jẹnẹrétọ̀ o, iná ìjọba o.

Ẹ ti pa á? Ó dáa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà ní ẹsẹ̀ kankan tó so mọ́ ilẹ̀, ìyẹn ni kò fi gbé ọmọ ọ̀dọ̀ yín, kì í ṣe pé irin náà mọ́. Mo ní ìbéèrè méjì sí i. Àkọ́kọ́: wáyà aláwọ̀ ewé tó wà lára iná yẹn, ibo ni ẹni tó mọṣẹ́ yẹn so ó mọ́? Ìkejì: ṣé wọ́n fọwọ́ kan òpó tàbí mítà yín láìpẹ́?

Ìyàwó Òkè-Àdó:
Mo ti pa á. Gbogbo ilé ń bi mí pé ṣé wọ́n ti mú iná lọ.

Ó so ewé mọ́ dúdú. Wáyà méjì péré ló wà lókè, pupa àti dúdú, ó ní ibi kan náà ni wọ́n ń lọ. Àbúrò mi ni, ìyá kan, bàbá kan. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, ìdí tí n kò fi dárúkọ rẹ̀ nìyẹn. Tí ìyàwó àbúrò ọkọ mi bá gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ mi ló so ó, kò ní tán nínú ilé yìí láéláé. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ṣẹ́.

Ti mítà, Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn ni wọ́n gbé tuntun wá. A ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. N kò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí, mítà wà níta, iná wà nínú ilé.

Bàbá Tóyìn:
Háà! Ọjọ́bọ̀ sí Sátidé!

Oníṣẹ́ Iná Agége:
Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, kí àbúrò yín náà lè gbọ́.

Wọ́n fi wáyà ewé sára iná onírin kí ó lè jẹ́ pé bí live, wáyà tó ń gbé iná wá, bá já nínú tó sì kan irin, ewé á gbé e lọ, fíúsì á já, kò ní dúró dọwọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé yín, wáyà méjì ni wọ́n fà sókè, torí dìmú gílóòbù ìgbà náà kì í ṣe irin. Àbúrò yín dé, ó rí ewé tí kò ní ibi tó ń lọ, ó so ó mọ́ dúdú. Níwọ̀n ìgbà tí dúdú jẹ́ neutral, wáyà tó ń gbé iná padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Oṣù méjì lẹ fi yangàn níbẹ̀. Ohun tó jọ pé ó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ni pé àwọn tó gbé mítà wá gbé live sí ibi neutral. Dúdú wá di live. Gbogbo irin tí ẹ so mọ́ ọn gba 230 volt sára lọ́jọ́ náà. Súwíìṣì yín, orí pupa ló wà. Bí ẹ bá pa á, pupa lẹ pa. Dúdú ò mọ̀ pé ẹ pa nǹkan kan.

Kódà ká ní wọn ò yí mítà. Ọjọ́ tí neutral bá já lórí òpó, tí ẹ sì tan iná, live á gba inú gílóòbù kọjá wọ inú irin yẹn.

Ẹ lọ ra tẹ́sítà. Ẹni tó bá wọ bàtà rọ́bà ni kó tan iná ìjọba padà fún ìṣẹ́jú kan, kó fi kan irin náà ní pípa súwíìṣì. Tí ó bá tàn, ẹ pa á padà kí ẹ pe ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná. Kí wọ́n fúnra wọn tú èdìdì mítà, ẹ̀yin ẹ má tú u. Lẹ́yìn ìyẹn, kí àbúrò yín bọ́ ṣándílíà sílẹ̀.

Ìyàwó Òkè-Àdó:
Kí ló dé tí ó tún máa bọ́ ọ tí wọ́n bá ti tún mítà ṣe? Ọjọ́ ìbí ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ mọ iye tí mo rà á?

Ìyá Ìbejì:
Iye Màámi ńkọ́?

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham:
Àǹtí, ẹ fi ti rọ́bà síbẹ̀ fún ọjọ́ ìbí náà. Kò sí ẹni tó máa fò láti Amẹ́ríkà wá wo sílíìnì.

Àgbà Oníná Ògbómọ̀ṣọ́:
Lórí ti ewé àti dúdú, ọmọ Agége sòótọ́. Èmi náà ò jẹ́ so wọ́n pọ̀. Nǹkan kan tún wà: wáyà 1957, rọ́bà ló máa ń wà lára rẹ̀, wọ́n á fi kílíìpù kàn án mọ́ pákó. Rọ́bà náà ti gbẹ. Bí ọmọ yẹn bá tún lọ tẹ̀ ẹ́ lókè, á máa rún bí ewé gbígbẹ. Ẹ fa wáyà tuntun, 1.5 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, sí gbogbo iná òkè. Kẹ́ ẹ sì ri ọ̀pá mi mọ́lẹ̀.

Oníṣẹ́ Iná Agége:
Pẹ̀lú 30mA, Bàbá.

Àgbà Oníná Ògbómọ̀ṣọ́:
Pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyàwó Òkè-Àdó:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tẹ́sítà tàn lára ṣándílíà, ó tàn lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní kọ́rídọ̀. Àwọn onímítà wá lánàá, wọ́n ní àwọn kọ́ làwọn yí i, wọ́n sì yí i padà. Mo ti ní kí wọ́n bọ́ ti kọ́rídọ̀, torí ọwọ́ ọmọdé tó o. Ṣándílíà ṣì wà lókè, mo ní kí wọ́n gé wáyà rẹ̀ kúrò. Kó kàn máa dán bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé àbúrò mi ló so ó. Kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Dàpọ̀ Wáyà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni àbúrò náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi gbogbo rẹ̀ hàn mí. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, pé bí ewé ò bá ní ibi tó ń lọ, kí n so ó mọ́ dúdú. N kò wá jiyàn. Ohun tí mo wá bi yín ni pé láti ọdún tó kọjá, ilé mọ́kànlá ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé àtijọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Oníṣẹ́ Iná Agége:
Kọ àdírẹ́sì mọ́kànlẹ̀ẹ̀kànlá sílẹ̀ lálẹ́ yìí. Ilé tó ní ọmọdé ni kí o kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ mítà. Sọ fún wọn pé àṣìṣe ni o ṣe, o wá tún un ṣe, o ò sì gba owó. Nọ́ńbà mi ti wà nínú àpótí ọ̀rọ̀ rẹ. Mo máa wọ ọkọ̀ Ìbàdàn ní Sátidé.