Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ọmọ wà nínú ẹyin ìjàpá mi?

Ìyá Dámi (Ìbàdàn)
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Abo sulcata mi, ìjàpá ńlá ti òkè Ọya, gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé nínú oṣù Kejìlá, ó sì yé ẹyin 17, roboto bíi bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì orí tábìlì. Mo kó wọn sínú ike oníyanrìn tó tutù díẹ̀, mo gbé ike náà sínú kúlà àtijọ́ kan tí mo so gílóòbù mọ́. Òní ló pé ọjọ́ 24.

Lọ́dún tó kọjá, mo dúró títí di ọjọ́ 60, n kò rí nǹkan kan. Mo ní wọ́n ti di ọ̀bu, mo kó wọn lọ sí ààtàn. Ọ̀kan fọ́ lójú mi. Ọmọ ìjàpá ló wà nínú rẹ̀, kò ju orí àtàǹpàkò lọ, ìkarahun rẹ̀ ṣì rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pé. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó lọ́mọ nínú láì fọ́ ọ? Mo ti ta akọ rẹ̀ láti oṣù Kejì o.

Bàbá Adìẹ (Ọ̀tà)
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Dámi. Adìẹ ni mo ń sìn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ pa gbogbo iná, kí ẹ gbé ẹyin lé ẹnu tọ́ọ̀ṣì. Ti adìẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ kan la ti ń rí iṣan ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ sì máa yí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ kí ọmọ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Ṣùgbọ́n tí kò bá ti sí akọ nílé láti oṣù Kejì, ẹ má fojú sọ́nà púpọ̀.

Dókítà Ẹran (Ògbómọ̀ṣọ́)
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i o! Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ ti adìẹ yàtọ̀. Ẹyin adìẹ ní okùn méjì tó di pupa rẹ̀ mú láàárín. Ti ìjàpá kò ní. Adìẹ a máa yí ẹyin rẹ̀ bó ṣe ń sàba, ìjàpá ní tirẹ̀ a bò ó mọ́lẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n bá yé e ni ọlẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ èèpo lókè. Ẹni tó bá dojú rẹ̀ kodò lẹ́yìn ìyẹn lè pa á. Ìyá Dámi, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí, níbi tó kọjú sókè.

Ti akọ tí ẹ tà, ẹ fọkàn balẹ̀. Abo ìjàpá máa ń tọ́jú àtọ̀ sínú ara, ó lè yé ẹyin tó lọ́mọ lẹ́yìn ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Irú sulcata yìí ni Alàgbà tó gbé ààfin Ṣọ̀ún títí ó fi kú ní 2019. Àwa níbí kì í kà wọ́n sí ẹranko lásán.)

Tọ́lá (Houston)
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo ti sìn wọ́n níbí, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Kí ẹ tó tan iná rárá, ẹ wo èèpo. Tí ọmọ bá ti ń dàgbà, àmì funfun kan á yọ lókè bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun kàn án, á máa fẹ̀ sí i títí á fi yí ẹyin ká bí ìgbànú.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré tí kì í gbóná. Ẹ má gbé ẹyin o. Ẹ gbá iyanrìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi ẹnu tọ́ọ̀ṣì kàn án fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó lọ́mọ, ẹ ó rí iṣan pupa tín-ín-rín bíi gbòǹgbò koríko. Èyí tí kò lọ́mọ á mọ́lẹ̀ kedere látòkè délẹ̀ bí òróró inú ìgò. Tó bá fi máa tó oṣù méjì, ọmọ á ti kún inú, òkùnkùn lẹ ó máa rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ẹyin tó ṣókùnkùn ti bàjẹ́, wọ́n á sì jù ú nù.

Ẹ má sì kánjú. Ẹyin mi kan, ọ̀sẹ̀ karùn-ún pé, n kò rí iṣan kankan. Lọ́jọ́ 104 ló fi imú lu èèpo. Èyí tó ń rùn, tó ń jò, tàbí tó ti wọnú pátápátá nìkan ni mò ń yọ. Tí èèpo bá kàn bu díẹ̀, ẹ fi owú gbígbẹ nù ún.

Bàbá Adìẹ (Ọ̀tà)
Dókítà, ẹ ṣeun, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Dámi, ẹ má yí i mọ́. Tí iná bá lọ, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ gbé e sí igun kúlà, kó má kan ẹyin.

Dókítà Ẹran (Ògbómọ̀ṣọ́)
Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí tẹmómítà wà ní nǹkan bí 30. Ooru tó ga ń mú abo wá, èyí tó relẹ̀ ń mú akọ wá. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni, nítorí náà ọjọ́ 60 kò tíì tó nǹkan.

Ìyá Dámi (Ìbàdàn)
Mo ti ṣe é lálẹ́ yìí. Dámi di tọ́ọ̀ṣì mú, èmi ń gbá iyanrìn. Mẹ́sàn-án ní iṣan. Mẹ́ta ní ẹfun lórí, àmọ́ n kò rí inú wọn dáadáa. Márùn-ún mọ́lẹ̀ bí òróró, mo ṣì fi wọ́n sílẹ̀. Nínú ẹyin kẹrin, kóókó pupa kan wà láàárín iṣan, kò ju orí pínnì lọ. Dámi ò fẹ́ kí n pa tọ́ọ̀ṣì. Ó ti kọ "Ẹ MÁ YÍ I" sórí ìdérí kúlà.